Àwo Kejì Lórí Tábìlì

Kì í ṣe ariwo Èkó ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, kì í sì í ṣe èrò ibẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àlejò ni mí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní apá ibi tí Faransé ti ṣèjọba, inú èdè Yorùbá ni mo sì jí sí láyé. Mo rò pé ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀ ní àgbàlá tí mo gba yàrá sí ní Muṣin, ẹ̀rín ni gbogbo ilé bú sí.

"Ẹ gbọ́ Yorùbá rẹ̀ bó ṣe ń kọrin!" Ìyá Kúdí ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. "Ará Kútọnù, káàbọ̀ o. Tún un sọ ká gbọ́."

Mo ní Kétu ni mo ti wá, kì í ṣe Kútọnù. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kó kúrò nílé yẹn, Ará Kútọnù ni wọ́n ń pè mí.

Lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún orúkọ náà. Nígbà yẹn, ó máa ń dùn mí díẹ̀. Ẹni tó lọ sí ilẹ̀ tí kò ti gbọ́ èdè wọn mọ̀ pé òun ti rìn jìnnà, kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ ìyá. Èmi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. A jọ ń jẹ iyán, a jọ ń kí ara wa ní "ẹ kú iṣẹ́," síbẹ̀ tí mo bá kọjá, wọ́n á ní, "Ará ibí kọ́ nìyẹn." Ó jọ ìgbà tí èèyàn dé ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lọ béèrè ẹni tí í ṣe.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ yìí. Nǹkan ti wọ́n ní Nàìjíríà, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti wà lọ́nà Kútọnù, níbi tí mọ́tò tòkunbọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé, ọ̀nà là fún un. Ìdí nìyí tí Fadá ìjọ wa ní Sábó fi ní kí n wá máa kọ́ àwọn àgbà ní Faransé ní ìrọ̀lẹ́, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Fadá ló kọ́ mi níwèé láti kékeré. Tí Fadá bá pè mí, mi kì í béèrè ìdí.

"Ọdún kan ni mo fún ọ," Fadá sọ fún mi. "Lópin ọdún, màdáámù òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní Faransé á wá láti Erékùṣù Èkó. Á jókòó, á sì bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìtàn tí ẹ bá kà. Tó bá ní ohun tí wọ́n kà yé wọn, kíláàsì dúró, ìwọ náà dúró. Tó bá ní kò yé wọn, màá sìn ọ́ dé ìdí ọkọ̀ Kétu fúnra mi, màá sì ra búrẹ́dì fún ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo Kétu pé tíṣà lọmọ òun ní Èkó. Báwo ni màá ṣe padà lọ bá a pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Muṣin. Ó fẹ́ máa dúnàádúrà ní Kútọnù láìsan owó ògbufọ̀. Àfẹ́sọ́nà Àǹtí Fẹ́lí wà ní Abíjàn, àbúrò àfẹ́sọ́nà náà sì ti ń kọ̀wé sí i ní Faransé tí kò yé e, ó sì fura pé èébú ló wà nínú rẹ̀. Sẹ̀nàmi ló kéré jù, ọmọ Ègùn láti Ìwáyà. Ẹja ni bàbá rẹ̀ ń pa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti ń kàwé, ìka rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ ìlà tó ń kà.

Ìwé kíkà kan ṣoṣo la ní, èyí tí mo gbé wá láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fadá ní Kétu. Ìtàn tí màdáámù máa bi wọ́n léèrè lórí rẹ̀ kúrú. Ìyá arúgbó kan ń dá gbé ní abúlé kan nílẹ̀ òyìnbó, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ bí òwú. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Lálaalẹ́, á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á gbé àwo méjì sí i, á gbé ife ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo kejì, á sì jẹun láìsọ̀rọ̀. Tó bá jẹun tán, á kó àwo kúrò, á ti ilẹ̀kùn, á lọ sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin aládùúgbò rẹ̀ ń kọjá lọ. Ó rí ìyá náà lójú fèrèsé, ó rí àwo méjì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìkan ilẹ̀kùn. Ìtàn parí.

Mo bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni aládùúgbò náà. Mo mọ ìdáhùn: èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ dí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́.

"Ìkà ni," Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù dáhùn.

"Ìkà kẹ̀?"

"Ìkà ni, Tíṣà! Ìyá àgbà dá jókòó nínú òtútù, ó rí wọn, ó sì kọjá. 'Ẹ kú alẹ́ mà' lásán, kò sọ ọ́. Ṣé wọ́n máa gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Bóyá wọ́n ń bára wọn jà," Àǹtí Fẹ́lí dá sí i.

"Wọn ò jà. Òyìnbó ni wọ́n."

Kíláàsì pariwo ẹ̀rín. Àǹtí Fẹ́lí ní òun fẹ́ mọ ibi táwọn ọmọ ìyá náà wà. Mo ní ìwé kò sọ bóyá ó bímọ. Ó ní ìyẹn ni wọn ì bá kọ́kọ́ kọ sínú ìtàn. Kí n tó lu tábìlì kí wọ́n dákẹ́, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta fún ìyá náà, wọ́n ti kó wọn lọ sí Améríkà, wọ́n sì ti ń bú wọn pé wọn ò kọ̀wé sílé.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kejì: kí nìdí tí ìyá náà fi ń gbé àwo méjì? Sẹ̀nàmi ló dáhùn.

"Ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti àlejò."

"Àlejò wo?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ohun tí omi wúlò fún. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, sà."

Gbogbo wọn mi orí. Mo ní rárá, àwo ọkọ rẹ̀ ni. Kò lè gbàgbé rẹ̀ ni ó ṣe ń gbé e.

"Ọkọ tó ti kú?" Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù béèrè. "Tó bá fẹ́ rántí rẹ̀, kó ṣe sàráà, kí gbogbo àdúgbò jẹ ẹ́. Kí lòkú fẹ́ fi àwo ṣe?"

Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo kọ ìdáhùn méjèèjì sára pátákó, mo sì ní kí wọ́n máa tún un sọ bí ẹni ń ka katikísímù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni aládùúgbò náà. Àwo ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n ń tún un sọ, ohùn wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú wọn ti kúrò nínú ìtàn náà. Wọ́n ti fi ìyá arúgbó náà sílẹ̀ fún mi.

Tí mo bá padà sí Muṣin, màá ti ilẹ̀kùn yàrá mi, màá jẹ búrẹ́dì àti tíì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Ará Kútọnù! Ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Ìyá Kúdí."

"O ò wá ṣí ilẹ̀kùn jẹun? Àbí ẹran ìgbẹ́ lo sè tó o ń fi pa mọ́ fún wa?"

Ó rí búrẹ́dì náà, ó sì mi orí. Láti ọjọ́ náà, abọ́ kan tí wọ́n fi ọmọrí bò máa ń wà lójú fèrèsé mi tí mo bá dé. Nígbà tí Rámádàánì dé, ó ní dandan ni kí n wá bá àwọn ṣínu. Mo ní Kátólíìkì ni mí, mi ò gbààwẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí o ò gbààwẹ̀ lebi ń pa jù níbí. Jókòó." Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà, mo dákẹ́, mo sì fi ọkàn ṣàmì àgbélébùú. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run gbọ́ wa pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ọdún Àjíǹde dé, èmi náà bu ìrẹsì, mo gbé e síwájú ilẹ̀kùn Ìyá Kúdí. Ó pè mí títí gbogbo àgbàlá fi gbọ́: "Ẹ wá wo Ará Kútọnù o, ó ti dàgbà!"

Ìdùnnú tó tún wà fún mi ni ọjọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Lẹ́yìn Mísà, màá lọ tò síbi tí wọ́n ti ń tẹ tẹlifóònù ní Yaba. Ilé Fadá ní Kétu ni tẹlifóònù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ wà, ìyá mi á sì ti jókòó dè mí níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sí Mísà. Kò gbàgbọ́ pé wáyà lè gbé ohùn òun dé Èkó, nítorí náà ó máa ń fi agbára tirẹ̀ kún un.

"ṢÉ O TI JẸUN?"

"Mo ti jẹun, Ìyá. Ẹ rọra, mo ń gbọ́ yín."

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọjọ́ màdáámù ti sún mọ́ tòsí, ó gbọ́ ọ lóhùn mi pé ara mi kò balẹ̀. Mo sọ ìtàn ìyá arúgbó náà fún un. Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò gbà pé ti ọkọ rẹ̀ ni àwo kejì.

"Ti ọkọ rẹ̀ ni," ìyá mi sọ.

Inú mi dùn. "Ẹ gbà pẹ̀lú mi, Ìyá?"

"Mo gbà. Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́."

"Ó ń dà á nù?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé ẹni tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé yìí! Wò ó, láti ọjọ́ tó o ti lọ, mo ṣì ń bu oúnjẹ tìrẹ. Sínú àwo rẹ, èyí tí etí rẹ̀ láwọ̀ aró. Mo ní kí n má bù ú mọ́, ọwọ́ mi ò gbà. Ẹni tó bá kọjá, màá pè é wọlé. Tó bá ti jẹ ẹ́, oorun á kùn mí. Á dà bíi pé ìwọ lo yó."

Kí n tó rí ohun tí màá sọ, wáyà já. Mo ṣì di tẹlifóònù náà mú sétí.

"Ọ̀gá, ó ti já o," akọ̀wé ibẹ̀ sọ. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà kí ìyá tirẹ̀."

Mo rìn láti ibẹ̀ dé Sábó, mò ń ka rósárì, mi ò sì mọ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo wà. Àwọn Fadá tó kọ́ mi ṣeun, wọ́n fún mi ní ojú tí mo fi rí yìnyín ilẹ̀ tí mi ò dé rí. Ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí àwo. Ojú méjèèjì, Ọlọ́run kan náà ló fún mi. Kí ló dé tí mo fi ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fọ́ ọ̀kan kí wọ́n tó kàwé?

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, mo nu pátákó.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin rí nínú ìtàn náà fún màdáámù," mo ní. "Kí Faransé yín já gaara. Ẹ sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ ti rí i nínú ìwé. Ẹni tí kò bá rí ibi tó máa tọ́ka sí, kó má sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù gbé ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, ṣé ọ̀nà Kétu ti ń pè yín ni?"

Mi ò mọ̀ pé Fadá ti sọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì náà fún wọn.

Màdáámù dé ní ọ̀sán gangan, obìnrin tó ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun, ó gbé agboòrùn lọ́wọ́. Fadá jókòó sẹ́yìn, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, màdáámù sì bi í nípa aládùúgbò.

"Kì í ṣe èèyàn dáadáa, Màdáámù."

Màdáámù gbé bírò sílẹ̀. "Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n fi ìka sí ojú ìwé. "Ó rí i. Ó kọjá. Ní àdúgbò tèmi, tí ilé ìyá àgbà bá dákẹ́, a máa ń kan ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ti kú síbẹ̀ ńkọ́?"

Màdáámù kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Fadá wò mí. Òórùn búrẹ́dì ni mò ń gbọ́.

Ó kan Sẹ̀nàmi. Kí nìdí tí ìyá náà fi ń gbé àwo méjì? Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Ó ń dúró de àlejò, Màdáámù."

"Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń rántí. Ife ọkọ rẹ̀ ló gbé síbẹ̀, àbí o ò rí i?"

"Mo rí i. Ní ilé wa, ife tó dára jù ni a fi ń fún àlejò lómi." Ó ṣí ojú ìwé kejì, ìka rẹ̀ wá ìlà kan kàn. "Ẹ wo ibí. Ó jẹun tán kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Òtútù wà níta, yìnyín wà níta, kò ti ilẹ̀kùn títí ó fi kó àwo kúrò. Òkú ò nílò kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Alààyè ló ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé."

Màdáámù fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó ka ìlà náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú," ó sọ jẹ́jẹ́. "Mi ò rí ilẹ̀kùn yìí rí."

Lẹ́yìn náà ló yí sí Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù. Ó ní ní abúlé tí wọ́n ti bí òun, wọn kì í kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á ṣí fìlà. Ìkíni ni, ìkíni ńlá.

"Háà," Àǹtí Fẹ́lí sọ. "Ó kí wọn nígbà náà. Ìyá ni ò rí i."

Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù rò ó wò. "Ó dáa, Màdáámù. Ẹ jẹ́ ká dárí jì í. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, kó kan ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín tí màdáámù rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè títí oòrùn fi rọlẹ̀, kì í ṣe láti fi dán wọn wò mọ́, bí kò ṣe pé ó fẹ́ gbọ́. Ó sì dìde, ó bọ Fadá lọ́wọ́, ó ní, "Ó yé wọn. Ó yé wọn dáadáa." Fadá wò mí, ó ní ní Yorùbá, "Èmi fúnra mi ni màá jẹ búrẹ́dì náà."

Àǹtí Fẹ́lí ti se ìrẹsì wá, Sẹ̀nàmi sì gbé ẹja yíyan wá láti Ìwáyà. Màdáámù ń gbé agboòrùn rẹ̀ láti lọ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù dí i lọ́nà pẹ̀lú àwo tó kún bámúbámú.

"Màdáámù, àwo kejì rèé."

Ó wo àwo náà, ó wo ilẹ̀kùn kíláàsì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó jókòó, ó jẹun. Sẹ̀nàmi lọ wá ife Fadá, èyí tó dára jù, láti fi bu omi fún un.

Bí mo ṣe dúró ní Èkó nìyẹn. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn wọn, mo sì dúpẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní àgbàlá wa, wọ́n ṣì ń pè mí ní Ará Kútọnù, ṣùgbọ́n láti ọdún náà, tí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé abọ́ kan wà níbì kan tí wọ́n fi orúkọ náà bù.

Ní Kérésìmesì ọdún náà, mo lọ sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé Kétu. Ilẹ̀kùn ìyá mi ṣí sílẹ̀, àtùpà wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó sórí ẹní, arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ sójú ọ̀nà. Àwo mi ló wà níwájú rẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ láwọ̀ aró, ó sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Ẹ bá mi re," ọkùnrin náà sọ fún mi, ó sún síwájú kí n lè rí àyè jókòó.

Ìyá mi gbójú sókè. Ó wò mí, ó wo ọkùnrin náà, ó wo àwo. Omi lé sí i lójú, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

"Fọwọ́ rẹ," ó ní. "Ẹ jọ jẹ ẹ́. Tí kò bá tó yín, ti ẹlòmíì ṣì wà nínú ìkòkò."